Ìbọ̀wọ́ Ọwọ́ Òsì Bàbá

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fọ ìbọ̀wọ́ Bàbá. Òwú funfun ni, ti ọwọ́ òsì nìkan. Mẹ́rin ni wọ́n, ó ń wọ̀ wọ́n ní pàṣípààrọ̀. Bí mo bá fọ̀ wọ́n tán, ẹ̀yìn ilé ni mo ń sá wọn sí, lábẹ́ ìró mi, kí ará àdúgbò má baà rí wọn, nítorí ibì kan wà ní orí ìka ìfábẹ̀lá tí ọṣẹ kò lè mú mọ́. Àmì náà dà bí omi obì. Lọ́dún àkọ́kọ́, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́dún kejì, ó tó ẹ̀wà kan. Nígbà tó yá, ó gba gbogbo orí ìka. Mo ń rí i, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń dákẹ́.

Bàbá tó bí bàbá mi ni mo ń sọ. Ọdún yìí ló lọ. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ó gbó, ó tọ́, kí a má sunkún. Mo ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ló pa á. Èmi náà ti dàgbà, mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin, mo sì mọ ikú tó wá fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn ṣílẹ̀kùn fún. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ọ̀rọ̀ ńlá nínú èyí. Bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ ọ́. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé nígbà tí mo bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ìbọ̀wọ́ yẹn ni mo ń rí.

Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, fáàrí ni wọ́n pè é. Bí Bàbá bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan yẹn, àwọn tó jókòó sí iwájú ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ ti gbàgbé èkejì sílé."

"N kò gbàgbé. Èkejì wà lọ́dọ̀ gómìnà, ọ̀la ló máa dá a padà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan tí ẹnì kan tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí ló fà á gan-an, Bàbá dúró, ó gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ tó ti bá wọn wo inú ara ọmọ ènìyàn, ṣé kò yẹ kó wọ aṣọ ni?"

Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Nígbà tó ṣì lágbára, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí dókítà ọmọ Ìjẹ̀bú kan dá sílẹ̀. Wọ́n ti wó o tipẹ́, táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Gbígbálẹ̀ ló bá wọ ibẹ̀. Ìyàwó dókítà, tó jẹ́ òyìnbó, ló ń ya fọ́tò eegun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́kísíréè. Obìnrin náà rí i pé gbálẹ̀gbálẹ̀ yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì fà á wọlé. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, lábẹ́ iná pupa kékeré. Bàbá ní fọ́tò náà fọ́jú sí pupa, pé bí iná pupa bá wà níbẹ̀, òkùnkùn ló jẹ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀, pé ohun tí ojú kan kò rí, ojú mìíràn lè máa wò ó.

Orúkọ ni ìjà rẹ̀. Kò lè fara mọ́ ohun tí kò mọ ìdí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ń mu gààrí lọ́sàn-án, èmi ni mo máa ń fà á sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí ni ìtumọ̀ ẹ́kísíréè?"

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi wo eegun ènìyàn?"

"Ìwọ náà, ṣé o mọ ohun tí ìyá rẹ ń fi sínú ọbẹ̀? O sì ń jẹ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ó ní òyìnbó ará Jámánì kan ló ń fi iná mànàmáná ṣe nǹkan nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ó rí i pé pátákó kan tó wà níbi tó jìnnà sí i ń tàn, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ kankan kò sí tó yẹ kó dé ibẹ̀. Ó fi páálí dí i, ó ṣì ń tàn. Ó fi ọwọ́ dí i, ó rí eegun ọwọ́ rẹ̀. Òyìnbó máa ń kọ ẹ́kìsì sílẹ̀ nínú ìṣirò fún ohun tí wọn kò tíì mọ iye rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló fi pè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ ni kí ìmọ́lẹ̀ náà máa jẹ́. Ó ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ tuntun," ni Bàbá wí, "kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́, kí là ń pè é?"

"Ìkókó. Tàbí àlejò."

"Ó dáa. Ìmọ́lẹ̀ yìí kò rí ọjọ́ kẹjọ. Orúkọ àlejò ló ń jẹ́ títí di òní." Ó mu gààrí inú ife rẹ̀, ó gbé ife náà sílẹ̀. "Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin ni. Ó rí nǹkan, kò mọ̀ ọ́n, ó sì sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n."

Àwọn ìmọ́lẹ̀ yòókù tí ojú kì í rí ńkọ́? Ó mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ọmọ ilé. Ó ní ẹnì kan tó máa ń wo ìràwọ̀ fi gíláàsì onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì di òṣùmàrè sórí tábìlì. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná sí orí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tún gbé ọ̀kan sí ìta, lẹ́yìn pupa, níbi tí kò sí àwọ̀ kankan. Ibẹ̀ ló gbóná jù. Wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ pè é, ìmọ́lẹ̀ ooru. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló fi ibi tó ń gbé pè é: abẹ́ pupa. Kò pẹ́ sí i, ẹlòmíràn ní bí nǹkan bá farapamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pupa, kí òun wo ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí àwọ̀ àlùkò parí sí. Ó gbé oògùn kan tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú síbẹ̀. Ibi tí ojú kò ti rí nǹkan kan ló ti yára dúdú jù. Ìyẹn ni wọ́n wá ń pè ní ìkọjá àlùkò. Òun ló ń jó awọ òyìnbó nínú oòrùn, òun ló sì ń ta ojú àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀.

Gámà ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn méjì kan ti ṣáájú, tí wọ́n jọ ń tú jáde láti inú òkúta kan náà bí ìbejì, tí wọ́n fi lẹ́tà kìíní àti èkejì àwọn Gíríìkì pè wọ́n. Ẹ̀kẹta wá yọjú, ó ń la ibi tí àwọn méjèèjì kò lè là kọjá. Wọ́n fún un ní lẹ́tà kẹta, gámà. "Ìdòwú ni," ni Bàbá wí. "Olórí kunkun tó tẹ̀lé ìbejì. Àwọn òyìnbó náà ń sọ ọmọ lórúkọ bíi tiwa, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ni mo máa ń gbọ́ jù báyìí. Òun ni ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ẹni tó wo ẹ̀gbẹ́ kejì òṣùmàrè. Ó ní, "Ẹni tó bá rí nǹkan lápá ọ̀tún, kó yẹ òsì náà wò."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìjọ wa ń kọ́ àwọn ọmọ nípa dídá ayé lọ́jọ́ kan, ó ní kò sí ìmọ́lẹ̀ kan tí Ẹlẹ́dàá kò fi han ènìyàn. Bàbá nawọ́ lẹ́yìn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, bàbá mi ti ra fóònù oníkámẹ́rà fún un. Ó ní kí wọ́n bá òun mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wá láti ilé pásítọ̀. Ó kọ orí rẹ̀ sí olùkọ́, ó tẹ̀ ẹ́.

"Kí lẹ rí?"

"N kò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Ẹ fi kámẹ́rà fóònù yìí wò ó." Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nínú fóònù, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú ní orí rìmóòtù. Àwọn ọmọ dìde lórí bẹ́ńṣì.

"Bàbá, ẹ̀mí ni?" ni olùkọ́ bi í.

"Bátìrì ni. Abẹ́ pupa lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo lẹ fi ń pa tẹlifíṣọ̀n yín."

Olùkọ́ náà bínú, ó ní Bàbá dójú ti òun. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n parí ìjà náà, Bàbá ní òun kò bá Ọlọ́run jiyàn rí. Ó ní, "Ọlọ́run kò fi pa mọ́. Àwa la ò wo ibẹ̀."

Ìjà tó pẹ́ jù nínú ilé ni tòun àti ìyá wa àgbà, ìyàwó rẹ̀. Màmá kì í pe àìsàn lórúkọ. Ìgbóná, ilẹ̀ gbóná ni. Ejò tó bá wọ ilé lálẹ́, okùn ni. Èyí tó pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó mú un lọ́mú, "nǹkan yẹn" ló ń pè é títí ó fi kú.

"Jẹjẹrẹ ni," ni Bàbá á wí.

"Má pè é nínú ilé mi. Bí o bá pè é, á dáhùn."

"Bí n kò bá pè é, ṣé kò mọ ọ̀nà ilé ni?"

Màmá á dìde kúrò níbẹ̀. Mo rò pé Bàbá ló borí nínú ìjà yẹn. Àṣé Màmá ló borí. Ó ti kú ní ọdún méjìlá kí ọ̀rọ̀ tó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló borí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kẹ́yìn nínú ilé wa: "Dákẹ́, kó lè kọjá."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọwọ́ òsì báyìí. Ìbọ̀wọ́ kan wà ní ilé ìwòsàn yẹn, olójé ni, méjì méjì, ó wúwo, ó le bí pátákó. Ìyàwó dókítà sọ fún wọn pé bí wọ́n bá máa di aláìsàn mú lábẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n wọ méjèèjì, torí pé ìmọ́lẹ̀ náà ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀. Kò fi ewu iṣẹ́ náà pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń bẹ̀rù ìbọ̀wọ́ náà. Wọ́n á rí i, wọ́n á jà, fọ́tò á bàjẹ́, wọ́n á tún un yà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin náà bá ti wọ ẹ̀yìn ògiri láti tẹ ẹ̀rọ, Bàbá á bọ́ ọ̀kan, á fi ọwọ́ lásán di ọmọ náà mú.

Mo wà lára àwọn ọmọ náà. Mo já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀, apá mi ṣẹ́. Mo rántí pé tábìlì náà tutù. Mo ń ké. Ohun dúdú ńlá kan ń bọ̀ lórí mi, mo sì fẹ́ sá. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ènìyàn dì mí mú, ó gbóná, ó sì ń rùn bí oògùn yàrá òkùnkùn. "Àṣàkẹ́, ìwọ ṣáà máa wò mí." Mo ń wò ó. Mo dákẹ́.

Nígbà tí mo ti bímọ ni mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ òsì ló máa ń bọ́. Ó yà á lẹ́nu pé mo lè bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun. Ọ̀tún ni mo fi ń kí ènìyàn, òun ni mo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Bí ọ̀kan bá máa ṣòfò, ta ló nílò òsì?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe wí. Ó mọ̀. Ó ti yan ọwọ́ tó máa ṣòfò láti ọjọ́ náà.

Egbò tó wà lábẹ́ ìbọ̀wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí ara tó gbẹ, ó ń là, ó ń dì, ó tún ń là. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní èmi nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó ní bí àwọn ọmọ òun bá rí i, wọ́n á ní ẹnì kan ló fi nǹkan ṣe òun, ilé á dàrú. Mo fi òrí pa á. Mo ra oògùn ní kẹ́míìsì, mo se àgbo, mo fọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo fipá mú un dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló ṣe ọwọ́ náà. Bàbá wo ojú mi. Mo sì sọ ọ́, èmi Àṣàkẹ́. Mo ní omi gbígbóná ló dà sí i. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù méje ni wọ́n fi ń tọ́jú iná tí kò jó o. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ohun tí mo sọ fún wọn ni wọ́n ń tọ́jú.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, àìsàn náà ti dé abíyá. Mo bẹ dókítà náà. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tó lè fi ìkúnlẹ̀ dá oṣù méje padà. Ó gbé mi dìde. Ó ní ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ gámà ṣe, pé ì bá ti ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ìnira nìkan ló lè dín kù.

Bàbá gbé orí sókè lórí àga. "Ìdòwú?" ni ó wí. Dókítà kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Àlejò yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bù mí jẹ, ẹ wá ní kí àbúrò wá pẹ̀tù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kò wọ ìbọ̀wọ́ mọ́. Ó ní kí n gbé àga sún mọ́ òun. Ó ní, "Àṣàkẹ́, èmi tí mo ń fi ará Jámánì yẹn yangàn. Ẹnu mi ni kò gbà á láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n."

Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́ ni. N kò bá wọn jà. Ojú mi wà lára ẹlòmíràn lọ́jọ́ ìsìnkú náà.

Àlááji Ràṣídì ni, ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí Bàbá gbà á sí yàrá òkùnkùn, Bàbá ló kọ́ ọ ní fífọ fọ́tò àti dídi ọmọ mú. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin báyìí. Ọ̀tún ló fi bọ̀ wá lọ́wọ́, ó fi ọ̀tún gba omi. Òsì wà nínú agbádá láti ìgbà tó dé títí tó fi lọ. Ta ló ń wo ọwọ́ òsì ènìyàn? Èmi ń wò ó.

Mo lọ bá a nílé lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. Ó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo ní, "Àlááji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọwọ́ òsì yín jáde."

"Àṣàkẹ́, òsì kọ́ là ń fi kí ènìyàn."

"N kò wá kí yín."

Ó ní, "Omi gbígbóná ni. Omi tíì."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn, Àlááji. Mo mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Nígbà náà ló fa ọwọ́ náà yọ, ó tú àkísà tó fi wé e. Orí ìka ìfábẹ̀lá ni egbò náà wà. Ó tó ẹ̀wà kan. Mo mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo ti rí i lára ìbọ̀wọ́ rí, ọdún kejì ni.

Mo pè é lórúkọ. Mo ní ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí n má tún un pè.

"Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun," ni ó wí.

"Ó ṣeé ṣe. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n."

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìrun ọ̀sán fi dé. Ó kírun. Mo dúró dè é. Nígbà tó parí, ó ní òun kò lè lọ, pé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ òun tí ń bọ̀ láti Èkó dé. Mo ní n kò ní lọ. Mo ní bí ó bá di alẹ́, kí wọ́n tẹ́ ẹní fún mi. N kò sunkún, n kò pariwo. Mo kàn rí i pé kò sí nǹkan mìíràn láyé tí mo tún lè ṣe fún Bàbá, èyí nìkan ló kù. Bóyá ó rí i lójú mi. Ó béèrè fìlà rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo di ọwọ́ òsì náà mú. Nọ́ọ̀sì mú káàdì, ó bi í pé, "Bàbá, kí ló ṣe ọwọ́?"

Àlááji wo ojú mi. Bí Bàbá ṣe wò mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ là, mo ń gbọ́ omi gbígbóná tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, n kò sì lè bá a sọ ọ́.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "a ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò mọ̀ ọ́n."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè. Ó ní àwọn ènìyàn kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó ya ọwọ́ kékeré kan sórí káàdì, ọwọ́ òsì, ó sì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, bí ẹ́kìsì, sí orí ìka ìfábẹ̀lá. N kò gbé ojú kúrò lára àmì náà títí wọ́n fi pè wá wọlé.